Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nídìí tourisme: ibi tí ọmọ Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ ti lè bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilé wa ló ń sọ pé iṣẹ́ tourisme làwọn fẹ́ ṣe: kí àwọn máa gba àlejò, kí àwọn máa mú wọn rìn, kí àwọn máa sọ ìtàn ìlú fún wọn. Wọ́n á kọ ìwé lọ sí ọ̀tẹ́ẹ̀lì ní Kútọnu, ìbéèrè kan náà ni wọ́n á bá pàdé: "Ṣé ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?" Tí èèyàn ò bá tíì ṣe é rí, wọn ò ní gbà á. Tí wọn ò bá sì gbà á, níbo ni yóò ti ṣe é rí? A fẹ́ to àwọn ọ̀nà tí èèyàn lè gbà jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí síbí, láìjẹ́ pé bàbá ẹni ta ilẹ̀ torí ẹ̀.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ

Tí a bá ti ní tourisme, ẹni tó wọ kóòtù tó dúró nídìí réception ni ọ̀pọ̀ máa ń rí lọ́kàn. Àmọ́ ẹni tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò lọ sí Ganvié lórí omi Nokoué, iṣẹ́ tourisme ló ń ṣe. Ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ààfin Honmè l'Ájàṣẹ́, ẹni tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹni tó ń se oúnjẹ, agbẹ́gilére tó ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, awakọ̀ tó mọ ọ̀nà Kútọnu dé Natitingou láìwo fóònù, gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀. Kí ẹ tó wá iṣẹ́, ẹ bi ara yín bóyá ọ̀rọ̀ sísọ lẹ fẹ́ràn ni, àbí kí nǹkan wà létòlétò. Ẹni tí ojú máa ń tì lè di ọ̀gá nílé ìdáná, kó má sì ṣe dáadáa rárá níwájú àlejò ogún.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yín

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun làwọn ọ̀dọ́ ń fojú kéré jù. Ọmọ Kétu tí kò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ ìtàn Akaba Idena, ẹnu ibodè àtijọ́ tí wọ́n ń gbà wọ ìlú, kí ló fẹ́ lọ sọ fún àlejò níbòmíràn? Ibodè yẹn, odi àti yàrà tó yí ìlú ká, ogun Dahomey tó fọ́ ìlú ní 1886, àwọn tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe padà wá tún ìlú kọ́ lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin: ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wò ó. Ní Bahia, ní Brazil, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka ńlá Candomblé ṣì ń jẹ́ Ketu títí dòní, wọ́n sì ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu. Àlejò tó ti ibẹ̀ wá kò wá wo ògiri lásán. Ilé ló gbà pé òun padà sí. Nígbà míì omi á lé ròrò sójú ẹ̀ níwájú ibodè, amọ̀nà tí kò mọ ìdí ẹ̀ á kàn máa wò. Láti 2024, Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tó jẹ́ kí àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun lè béèrè ìwé ọmọ ilẹ̀ wa. Ìbéèrè irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kékeré.

L'Ájàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà kọ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia. Àlejò á béèrè ìdí. Ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ti àwọn tó padà wá láti Brazil, àwọn ìdílé tó ń jẹ́ orúkọ Potogí, àti eré Bourian wọn. Ní Ṣábẹ, àwọn òkè àpáta ni. Ní Dassa, òkè àti ihò Arigbo, níbi tí àwọn Kátólíìkì máa ń rìn lọ gbàdúrà ní oṣù kẹjọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? UNESCO kéde ẹ̀ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún gbogbo ayé ní 2008, fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò pọ̀.

Báwo lèyí ṣe ń di ìrírí iṣẹ́? Ẹ ra cahier kan. Ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà mẹ́ta, ẹ bi wọ́n ní ìtàn kan náà. Ibi tí ẹnu wọn ti kò, ẹ kọ ọ́. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀, ẹ kọ ìyẹn náà, kí ẹ lè sọ fún àlejò pé "àwọn kan ní báyìí, àwọn míì ní báyìí." Àlejò tó ti kàwé kó tó wá máa ń bọ̀wọ̀ fún amọ̀nà tó bá sọ bẹ́ẹ̀, ju ẹni tó ń dá ìtàn sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn ẹbí tó ti Àbíjàn tàbí Gabon wálé ọdún, ẹ mú wọn rìn fún wákàtí kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ lọ bá dírẹ́kítọ̀ iléèwé, ẹ ní ẹ ó mú kíláàsì kan lọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá ṣe é, ẹ kọ ọjọ́, iye èèyàn, ibi tí ẹ lọ àti èdè tí ẹ sọ. Ẹ ní kí dírẹ́kítọ̀ kọ ìwé kékeré kan, kó fi òǹtẹ̀ lù ú. Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ ti ní ohun tí ẹ ó kọ sínú CV yín, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ni ilé o. A kì í mú àlejò já wọ ààfin. Ẹ lọ ṣáájú, ẹ kúnlẹ̀ tàbí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń mú wá, àti bóyá wọ́n fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò. Ọjọ́ Orò, àlejò obìnrin kò gbọ́dọ̀ jáde, ẹ sọ fún un ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ní kí ẹ sọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ Egúngún fún òun, tó ń na owó sí yín, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ ní ará ọ̀run ni. Owó yẹn á tán láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ̀yin lẹ ó ṣì máa gbé ìlú.

Stage, àti ìwé tó ń tẹ̀lé e

Tí ẹ bá ti ní cahier yẹn lọ́wọ́, ẹ lè wá stage. Ẹ lọ sí mairie yín kí ẹ béèrè ẹni tó ń bójú tó àṣà àti tourisme. Ẹ lọ sí musée: l'Ájàṣẹ́ nìkan, Honmè wà níbẹ̀, musée Alexandre Sènou Adandé wà níbẹ̀, ti da Silva náà wà níbẹ̀. École du Patrimoine Africain, tó ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ musée láti 1998, ìlú yẹn náà ló wà. Centre Songhaï, tí Father Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ní ibùsùn àti ilé oúnjẹ fún àlejò, wọ́n sì máa ń mú àwọn èèyàn wo oko. Ibi kékeré dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ní auberge oníyàrá mẹ́jọ, ẹ ó gbá ilẹ̀, ẹ ó gba fóònù, ẹ ó kọ orúkọ àlejò, ẹ ó sì mọ bí iṣẹ́ gbogbo ṣe so pọ̀.

Ìwé tí ẹ máa mú dání kò pọ̀: lẹ́tà tí ẹ fi béèrè stage, CV ojú ewé kan, ìwé ìdánimọ̀, ìwé ẹ̀rí iléèwé tí ẹ bá ní. Èyí tí ẹ ó gbà lọ́wọ́ wọn ló ṣe pàtàkì jù, àwa kì í sì í rántí béèrè.

Mo sọ ọ́ torí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì ń gbé àpótí àlejò, ní ọ̀tẹ́ẹ̀lì kan. Kò sí convention, ẹnu lásán la fi ṣe é. Ọ̀gá tó gbà mí kúrò níṣẹ́, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ ní òun ò mọ̀ mí. Oṣù mẹ́ta yẹn, mi ò lè fi han ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé ìgbálẹ̀, kí ìwé kan wà tó sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ ó parí, orúkọ ẹni tó ń bójú tó yín, àti iṣẹ́ tí ẹ wá kọ́. Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ parí, ẹ ti béèrè attestation yín. Ẹ má dúró dé ọjọ́ tí ẹ máa lọ.

Lórí owó: stage kì í ṣe iṣẹ́ olówó oṣù, àmọ́ ẹ lè béèrè owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí. Tí wọ́n bá wá ń lò yín bí òṣìṣẹ́ láàárọ̀ dalẹ́ fún oṣù mẹ́fà, mẹ́sàn-án, ìyẹn ti kúrò ní stage. Ẹ rántí pé láti oṣù kìíní 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52 000 fàráǹkì. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín ní stage, ẹ dìde kúrò níwájú ẹ̀.

Èdè

Faransé nìkan kò tó mọ́. Àwọn ará Nàìjíríà ń gba Ìlárá àti Igolo wọlé, ẹ̀yin sì ti gbọ́ Yorùbá wọn. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn, ọmọ Kútọnu kò ní in. Ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ kún un, kódà tó bá jẹ́ ìkíni, iye owó, àkókò àti ọ̀nà nìkan lẹ mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Potogí díẹ̀ kò burú fún ọmọ Kétu àti Àjàṣẹ́, ẹ ti rí ìdí ẹ̀ lókè.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ béèrè

Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, làlejò máa ń pọ̀ jù. Vodun Days ní Ouidah, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, máa ń bọ́ sí àyíká ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń nílò ọwọ́ púpọ̀, láti orí ẹni tó ń tọ́ka ọ̀nà dé orí ẹni tó ń tú èdè. Ẹni tó bá dé pẹ̀lú lẹ́tà ní oṣù kejìlá ti pẹ́. Ẹ kọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án, ẹ gbé e lọ fúnra yín, ẹ má fi zémidjan rán an, kí ẹ sì padà lọ béèrè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.