Páálí Ẹja Tí A Ń Gbé Lọ Sílé

Ọmọ wa kan tó wà ní Ìbàdàn pè wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí ló dé tí ẹja banda tí a fi ránṣẹ́ fi kéré báyìí, tí owó rẹ̀ sì tún ga. A ní ogun Boko Haram ni. Nígbà tí a gbé fóònù sílẹ̀, ara wa kò balẹ̀, nítorí ìdajì òótọ́ la sọ fún un.

Àwọn bàbá wa ti ń tajà níbí kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Maiduguri lọ́dún 1964. Nígbà tó dé tán, ọ̀nà wá rọrùn. Obì ń bọ̀ láti ilé, ẹ̀wà àti ẹja ń lọ. Baga tó nǹkan bíi 200 kìlómítà sí ibí, lápá Adágún Chad. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ká ẹja àrọ̀ bí òrùka, tí wọ́n á fi èéfín yan án títí á fi gbẹ táútáú. Òun ni àwọn Hausa ń pè ní banda, tí a ń dì sí páálí lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ti Maiduguri dé ilé láìgbé páálí ẹja dání, ó dà bíi pé kò lọ ibì kankan ni.

Lọ́dún 1963, adágún yẹn fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Ó kan Nàìjíríà, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù. Fífẹ̀ ló fẹ̀, kò jìn. Nígbà tí ọ̀dá dá ní nǹkan bíi 1973, tó tún dá ní 1984, omi gbẹ débi pé ohun tó kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Omi sá kúrò lẹ́yìn ilé àwọn apẹja, àwọn náà ń lé e lọ. Àwọn kan lé e dé Darak, wọ́n sì jókòó síbẹ̀, kí ilé ẹjọ́ àgbáyé tó dájọ́ ní 2002 pé ilẹ̀ Kamẹrúùnù ni. Ìjọba tiwa náà ti gbẹ́ ojú omi gbọọrọ láti fi bomi rin oko àlìkámà, kí búrẹ́dì lè pọ̀. Adágún sá jìnnà sí i, ojú omi gbẹ. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ibi tó kàn wá rèé. Bí omi ṣe ń dín kù tó, kò sẹ́ni tó ní kí á dín ẹja pípa kù. Ojú àwọ̀n ni àwọn apẹja dín kù. Ìgèrè tí àwọn ará Mali mú wá gbòde kan. Wọ́n á tò ó dí ojú omi pátá, dumba ni wọ́n ń pè é. Ẹja tó ń lọ síbi tí yóò yé ẹyin sí, inú ìgèrè ló ń bá ara ẹ̀. Ta ló wá ń ra èyí tó kéré bí ìka ọwọ́? Àwa ni o. A ní tí àwa kò bá rà á, ẹlòmíì á rà á.

Igi ńkọ́? Ẹja banda kì í dédé gbẹ. Páálí kọ̀ọ̀kan ló ní igi tí wọ́n sun sí i, ní ilẹ̀ tí igi kò pọ̀ tẹ́lẹ̀. A kì í ṣírò ìyẹn mọ́ owó ọjà.

Èyí tó tì wá lójú jù ni ti oògùn. Kòkòrò a máa jẹ ẹja gbígbẹ di ìyẹ̀fun kó tó dé ilé. Látijọ́, Gamalin 20 tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín ni àwọn kan ń wọ́n sí i. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀tá-pia-pia. A rí i, a dákẹ́. Lọ́dún kan, oníbàárà wa kan ní Bódìjà dá páálí méjì padà, ó ní aboyún kan rà nínú ẹ̀, ó sì ní òórùn oògùn ló ń gbọ́. A bá a jà lórí fóònù pé owó wa ló fẹ́ jẹ. Ìgbà tí páálí dé tí a tú u, àwa fúnra wa kò lè fi í sẹ́nu. A sun ún. Ní 2019, NAFDAC fòfin de oògùn dichlorvos inú ìgò kékeré ní ọjà gbangba, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ẹ ṣì ń rí i rà.

Ogun tó wá dé, ṣé ẹ rántí Baga ní January 2015? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló kú. Àwọn tó wà lórí adágún ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti oníṣòwò, ìdí nìyẹn tí àwọn sójà fi dá òwò ẹja dúró. Inú bí wa nígbà náà, ẹrù wa bàjẹ́ lójú títì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti sin ọmọ sí itẹ́ òkú Gwange lè bi wá pé, nínú owó tí a san lórí páálí kan, èló ló di ọta ìbọn? A kò ní èsì fún un.

Adágún náà ti padà díẹ̀ láti àwọn ọdún 1990 wá. Láti òjò èṣí, àwa mẹ́ta ní àdúgbò yìí kọ̀ láti ra ẹja tó kéré. Oníbàárà á wo tiwa, á gbọ́ iye rẹ̀, á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ọ̀kan nínú wa ti padà sí ti tẹ́lẹ̀ lóṣù tó kọjá, owó ilé ìwé ló ká a mọ́, a kò sì bá a jà. Àwa méjì ló kù. A máa pe ọmọ Ìbàdàn yẹn padà lálẹ́ òní.