Àyè Ìdúródè Dátà nínú Ẹ̀rọ Sáfà: Ìtàn àti Àríkọ́gbọ́n láti Uselu

Ní Uselu, ní ìlú Benin, ni ààfin Edaiken wà. Ibẹ̀ ni àrẹ̀mọ Ọba Benin ń gbé kí ó tó gorí ìtẹ́. Ibẹ̀ ni Ọba Ewuare Kejì ti gbéra lọ jọba ní 2016. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ sáfà náà ní Uselu tirẹ̀: bọ́fà, ìyẹn àyè ìrántí tí dátà ti ń dúró de àkókò rẹ̀.

Ní 1983, Yunifásítì California ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde, ẹ̀yà Unix tí ó pín àyè yìí sí wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní mbuf. Bí mbuf bá tán, dátà á ṣòfò.

Lórí sátẹ́láìtì, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa lò, àlọ àti àbọ̀ dátà ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ìlànà TCP ti 1981 kò sì gbà kí ju báìtì 65,535 wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, ẹnì kan tí ń gba fáìlì kan kò lè rí ju kílóbáìtì 109 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ti wù kí owó ìlà pọ̀ tó. RFC 1323 tú ìdè yìí ní 1992, ṣùgbọ́n alábòójútó ẹ̀rọ ní láti fẹ bọ́fà. Bí ó bá sì fẹ̀ ẹ́ jù, ìrántí kò ní tó fún iṣẹ́ mìíràn.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ tó fi owó kún owó ìlà, kí ó kọ́kọ́ yẹ bọ́fà wò, kí a sì fi ìṣirò yìí kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la.