Gìtá nínú íapíìsì: èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló dáa ni, àbí èyí tí kọ̀ǹpútà ṣe?

Láti ọdún 1949 tí Àyìndé Bákàrè ti gbé gìtá oníná wọ orin jùjú ni àńpù ti di ara ohun èlò wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi gìtá dánra wò lóru ní Ìjerò, Arámọkọ tàbí Ẹ̀fọ̀n Aláayè, íapíìsì ló máa lò kó má baà dí ará ilé lọ́wọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ohùn gìtá á dà bíi pé inú orí ló ti ń wá. Ohun tí binaural wà fún nìyẹn.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́?

Bí àńpù bá wà lápá ọ̀tún, ohùn rẹ̀ máa kọ́kọ́ dé etí ọ̀tún. Ìyàtọ̀ náà kì í tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, síbẹ̀ ọpọlọ ń fi mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀. Orí fúnra rẹ̀ tún máa ń dí díẹ̀ lára ohùn náà kó tó dé etí kejì.

Èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀

Wọ́n á gbé ère orí èèyàn síwájú àńpù, máìkì á wà nínú etí rẹ̀ méjèèjì. Ilé iṣẹ́ Neumann ní Jámánì gbé irú rẹ̀ jáde ní 1973. Bí yàrá ṣe rí gan-an ló máa gbà. Àmọ́ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́yìn ilé, òun náà á wọlé, ẹ ò sì lè sún àńpù kúrò níbi tó wà mọ́.

Èyí tí kọ̀ǹpútà ṣe

Gìtá á wọ kọ̀ǹpútà tààrà. Ètò orí rẹ̀ á fi ohùn àńpù kún un, á wá fi ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe lára orí èèyàn pín in sí etí méjèèjì. Kò ní ariwo, ẹ sì lè gbé àńpù síbi tó wù yín. Àléébù rẹ̀ ni pé bí orí tí wọ́n wọ̀n bá yàtọ̀ sí tiyín, ohùn iwájú lè dà bíi pé ẹ̀yìn ló wà.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Fún ìdánrawò, ti kọ̀ǹpútà ti tó. Bí yàrá yín bá dára tó sì dákẹ́, ẹ gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n wéra, ẹ ta orin kan náà, kí ìkéróró àwọn méjèèjì dọ́gba, torí èyí tó bá ké jù ló máa ń dùn jù létí. Ẹ dijú, kẹ́ ẹ nawọ́ síbi tẹ́ ẹ rò pé àńpù wà.

Ẹ má gbàgbé o: íapíìsì nìkan ni méjèèjì wà fún. Lórí rédíò tàbí fóònù tó ní sípíkà kan, ohùn etí méjèèjì á pọ̀ mọ́ra, gìtá sì lè tínrín. Tẹ́ ẹ bá ń gbé orin bọ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ẹ̀dà sítẹ́rìò lásán ni kẹ́ ẹ mú wá.