Orúkọ Ìbàdàn Nínú Ìwé Àwọn Onímọ̀ Fáírọ́ọ̀sì

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, nígbà tí ṣànpọ̀nná ń jà káàkiri bí iná ọyẹ́, kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pe àrùn náà ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Ilẹ̀ gbígbóná ni wọ́n ń pè é, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ilẹ̀ tí ìbẹ̀rù ti dí ẹnu àwọn ènìyàn báyìí ni àwọn olùwádìí tí Ilé-iṣẹ́ Rockefeller ti Amẹ́ríkà rán bá, nígbà tí wọ́n tẹ̀dó sí Yábàá ní Èkó ní 1925, láti tọpa ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké: Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ibà náà lè ran ọ̀bọ, kí ibà kan náà tó pa á ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án 1927. Ẹ̀jẹ̀ Asibi, ọkùnrin ilẹ̀ Gánà kan tí ibà náà ṣe tí ó sì yè, ni orísun àjẹsára tí Max Theiler ṣe ní 1937, èyí tí a ṣì ń gbà títí di òní.

Ṣùgbọ́n Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ìlú jagunjagun tí ó di ìlú ìwé, ni iṣẹ́ náà ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Láàárín àwọn ọdún 1960, Rockefeller yìí kan náà àti Yunifásítì Ìbàdàn dá ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì sílẹ̀, Ottis Causey sì jẹ́ olórí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń já eégbọn lára màlúù, wọ́n ń dẹ pàkúté fún asín, wọ́n ń mú ẹ̀fọn nínú igbó. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà ni wọ́n fi sọ wọ́n ní orúkọ àdúgbò Ìbàdàn: fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára eégbọn ní 1964 ń jẹ́ Dùgbẹ̀, tí èyí tí wọ́n rí lára asín ní 1968 sì ń jẹ́ Mọ́kọ́lá. Ẹbí àrùn dìgbòlugi ni Mọ́kọ́lá yìí, ìbátan fáírọ́ọ̀sì tí a ti kọ́kọ́ rí lára àdán ní Èkó ní 1956, a sì ti rí Mọ́kọ́lá lára ọmọdé tí ara rẹ̀ kò yá ní Nàìjíríà. Ó dá mi lójú pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òkè òkun mọ orúkọ méjèèjì yìí ju ọ̀pọ̀ ẹni tí ń ná ọjà ní Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, èyí sì dùn mí.

Kì í ṣe pé kò sí olùkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèwálé Tómọ̀rí, tí ó ti ṣe olórí ẹ̀ka ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì ní Yunifásítì náà, kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ó ń bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ ní gbangba. Síbẹ̀, nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, omi iyọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wẹ̀ tí wọ́n sì ń mu, nítorí pé àhesọ pé ó ń dènà àrùn náà ti dé etí wọn kí ẹ̀kọ́ tó dé. Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin oníṣẹ́ ìlera, ẹ má ṣe dúró de àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn. Ẹ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ wa nípa eégbọn, asín àti àdán tí wọ́n ń rí lójoojúmọ́.