ÀGA ÀTIJỌ́ ÀTI ẸNI TÍ Ń TÚN UN ṢE

Àwọn baba wa wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọ̀rọ̀ yìí bá àwọn kan mu ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí í máa fi owó ra àga àtijọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀, kí wọ́n lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú irú àga bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1721, Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì mú owó-bodè kúrò lórí igi tí ń ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso wọn ní Amẹ́ríkà wá. Láti ìgbà náà ni màhógánì, ìbátan ọ̀gànwó tiwa, ti ń wọ Lọ́ńdọ̀nù lọ́pọ̀lọpọ̀, pàápàá láti Jàmáíkà. Igi náà le, ó sì pupa dáradára. Òun ni Thomas Chippendale, tí a bí ní Otley ní ọdún 1718, fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àwọn àga rẹ̀. Ní ọdún 1754, ó tẹ ìwé àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ jáde, àwọn oníṣẹ́ mìíràn sì ń wò ó ṣe tiwọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àga tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè kò ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ṣùgbọ́n ta ni ó gé igi náà? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú kọjá òkun ni wọ́n fi àáké gé e nínú igbó. Orúkọ oníṣẹ́ kù. Orúkọ tiwọn kò sí lára àga kankan.

Ẹni tí yóò tún irú àga bẹ́ẹ̀ ṣe ní láti ṣọ́ra. Àtè tí a sè láti inú awọ ẹran ni a fi lẹ oríkèé rẹ̀. Ooru àti omi a máa rọ̀ ọ́, a ó sì lè tú u láì fọ́ igi. Irú àtè kan náà ni ó yẹ kí a fi lẹ̀ ẹ́ padà, kí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i tú. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìfági fá ojú rẹ̀ kí ó lè dán bí tuntun, a ti pa àpá irinṣẹ́ àti àwọ̀ ọjọ́ pípẹ́ rẹ́; iye rẹ̀ lọ́jà pàápàá yóò dínkù.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìtàn rí. Ẹni tí ó fá àpá rẹ̀ nù kò tún un ṣe, ó bà á jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí àwa náà bi àga àwọn baba wa léèrè ibi tí ó ti wá, kí a tó sọ ọ́ di igi ìdáná.