Ẹjọ́ Elékòó: Bí Òfin Ti Ń Bi Aláṣẹ Léèrè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni ẹ̀tọ́ tí òfin fún ará ìlú. Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn ẹjọ́ kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó.

Ní ọdún 1925, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún Èṣùgbàyí, Elékòó ti Èkó, pé kí ó jáde kúrò ní ìlú. Nígbà tí kò lọ, wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n gbára lé wí pé, bí a bá rọ olóyè kan lóyè, tí àṣà ìlú sì béèrè pé kí ó kúrò níbẹ̀, gómìnà lè lé e lọ.

Elékòó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Nígbà tí a kọ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ níhìn-ín, ẹjọ́ náà dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ́nù, ní 1928 àti ní 1931. Ní ìgbà kejì yìí, Lord Atkin ṣe ìdájọ́ pé aláṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òmìnira tàbí ohun ìní ẹni tí ó wà lábẹ́ ìjọba náà, bí kò ṣe pé ó lè fi hàn níwájú ilé-ẹjọ́ pé òfin fún òun láṣẹ. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ ni yóò wádìí: ǹjẹ́ olóyè ni ọkùnrin yìí? A ha rọ̀ ọ́ lóyè nítòótọ́? Àṣà ha béèrè pé kí ó lọ? Ní ọdún náà ni Elékòó padà sí Èkó. Ní 1932 ni ó wàjà.

Ẹ kíyèsí i pé Ìgbìmọ̀ kò tíì wí pé Elékòó jàre. Ohun tí wọ́n wí ni pé aláṣẹ gbọ́dọ̀ dáhùn. Àwọn baba wa sì wí pé, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Lónìí, Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní ẹsẹ 46, fi àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí a bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti tọ Ilé-ẹjọ́ Gíga lọ. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà ni Elékòó fi wà ní àjò kí ó tó rí ojú ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi rin dé ilé-ẹjọ́. Ẹni tí ó ni í ni yóò gbé e lọ. Ẹni tí kò sì mọ̀ pé òun ní i, báwo ni yóò ti gbé e?