Ìbòmọ́lẹ̀

Nínú iṣẹ́ dátábéèsì, ìbòmọ́lẹ̀ kì í ṣe ìparẹ́. Ohun tó wà nínú ìlà òòró ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bèèrè ni kò ní rí i. Ká ní irú rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, Iléṣà: dókítà gbọ́dọ̀ rí orúkọ àìsàn, ṣùgbọ́n kí ni ti akọ̀wé tó ń gbowó níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ CASE, tó wọ ìlànà SQL (èdè tí a fi ń bèèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì) lọ́dún 1992, ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀: bó bá jẹ́ dókítà, fi hàn án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, NULL ni kí o dá padà. NULL kì í ṣe òdo o! Òdo náírà ní aláìsàn kò jẹ gbèsè. NULL kò sọ nǹkan kan.